Salvador ní Ilẹ̀ Bràsíìlì: Ìlú Tí Àkàrà Wa Ti Di Ohun Àmúyangàn

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ló ní kí n kọ nípa ohun tí mo rí ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Mo kọ́kọ́ kọ̀, mo ní olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, n kì í ṣe akọ̀ròyìn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní arìnjìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tó bá sì rí i, ó yẹ kó ròyìn fún ará ilé.

Ọmọ mi obìnrin ló gbé mi débẹ̀. Kánò níhìn-ín ni mo bí i sí, ibí náà ló sì dàgbà sí. Nígbà tó fi máa rí ààyè ẹ̀kọ́ gbà ní Salvador, Haúsá rẹ̀ dán mọ́rán, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dá mi lóhùn. N kò lè bá a wí, nítorí èmi ni mo fi sílẹ̀ tó fi rí bẹ́ẹ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó débẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lórí fóònù lóru: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ‘àgò’? Kí ni ‘ẹ̀gbọ́n mi’? Àwọn ìyá àgbà ibí ń bi mí. Wọ́n ní ṣebí láti ọ̀dọ̀ àwọn Nàgó ni mo ti wá.” Nàgó ni orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Ìpè òru yẹn ló mú mi ṣe ìrìn àjò náà ní oṣù kìíní ọdún 2019, mo sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

ÌLÚ TÓ NÍ ÒKÈ ÀTI ÌSÀLẸ̀

Salvador wà ní etí òkun Àtìláńtíìkì. Tomé de Sousa, tí ọba ilẹ̀ Pọtogí rán níṣẹ́, ló tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1549. Òun ni olú-ìlú Bràsíìlì títí di ọdún 1763 tí wọ́n gbé ìjọba lọ sí Rio de Janeiro. Nínú ìkànìyàn ọdún 2022, iye àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní 2,400,000, àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ adúláwọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí mo jáde ní pápákọ̀ òfurufú, ojú tí mo rí kò ṣàjèjì sí mi rárá. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni mo tó mọ̀ pé mo ti kúrò nílé, nítorí èdè Pọtogí ni gbogbo wọn ń sọ.

Ìlú náà pín sí méjì: Ìlú Òkè àti Ìlú Ìsàlẹ̀. Láti ìsàlẹ̀, líìfìtì ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Elevador Lacerda ló ń gbé ènìyàn gòkè. Wọ́n ṣí i ní ọdún 1873, gíga rẹ̀ sì tó mítà 72. Ẹ kò ní tíì parí ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ tí ẹ ó ti dé òkè. Bí ẹ bá dúró lókè náà, ẹ ó rí omi tó tẹ́ lọ rẹrẹ bí ẹní. Lórí omi yẹn ni wọ́n gbé àwọn ènìyàn wa gbà wọ̀lú. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú wọ Bahia. Àwọn Yorùbá pọ̀ gan-an nínú àwọn tí wọ́n kó lọ láàárín ọdún 1800 sí 1850, nígbà tí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ń tú tí ogun sì gba ilẹ̀ wa kan. Ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1888 ni Bràsíìlì tó fi òfin pa oko ẹrú rẹ́ pátápátá.

PELOURINHO: ÒPÓ TÍ WỌ́N Ń SO ÈNÌYÀN MỌ́

Àdúgbò tí gbogbo àlejò máa ń kọ́kọ́ lọ ni Pelourinho. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín, òkúta ni wọ́n fi tẹ́ títì rẹ̀, ó sì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Wọ́n kun àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀ ní ọ̀dà pupa, búlúù, yẹ́lò àti ewé. Ó lẹ́wà débi pé àjọ UNESCO fi í kún àwọn ohun ìní gbogbo ayé ní ọdún 1985. Ibẹ̀ náà ni Michael Jackson ti ya fíìmù orin rẹ̀ kan ní ọdún 1996.

Mo bi ọmọ mi léèrè ìtumọ̀ orúkọ náà. Ó ní òpó ni, òpó tí wọ́n ń so ènìyàn mọ́ láti nà án ní gbangba. Mo dúró fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ọmọdé ń lu ìlù ní igun kan, àwọn òyìnbó ń ya fọ́tò. Wọ́n ti yọ òpó náà, ṣùgbọ́n wọn kò yọ orúkọ rẹ̀. Mo gbà pé ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí orúkọ náà ni kò jẹ́ kí ẹwà ibẹ̀ pa ìtàn mọ́ wa lójú.

Ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ni ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù kan wà, Igreja do Rosário dos Pretos. Ẹgbẹ́ àwọn adúláwọ̀, ẹrú àti òmìnira, ló kọ́ ọ fún ara wọn láti ọdún 1704 lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ń fi ìlù gbè orin Máàsì níbẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi kò sì gbà láti dúró jẹ́ẹ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì kejì tó lókìkí ni São Francisco. Wúrà ni wọ́n fi bo ara igi tí wọ́n gbẹ́ sínú rẹ̀, ó ń kọ mànà láti ilẹ̀ dé òkè. Mo wọ ibẹ̀ ní ọdún 2019. Ó dùn mí pé ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 2025, àjà ṣọ́ọ̀ṣì náà já lulẹ̀, ó pa àlejò kan, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Kí ẹni tó bá ń lọ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ti ṣí i.

Nítòsí ibẹ̀, nínú ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àtijọ́, ni Museu Afro-Brasileiro wà, tí yunifásítì ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1982. Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni pátákó ńláńlá 27 tí Carybé gbẹ́, òrìṣà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ àti ohun èlò rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà ni Carybé kó tó fi Salvador ṣe ilé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Pierre Verger, ará Faransé tó dé Salvador ní ọdún 1946, tún wá sí ilẹ̀ Yorùbá àti Dahomey lọ́pọ̀ ìgbà. Ó di babaláwo, ó sì gba orúkọ Fátúnmbí. Títí ó fi kú ní ọdún 1996, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa fi etí òkun kan han èkejì.

HAÚSÁ, TÁPÀ ÀTI NÀGÓ NÍ ÒRU KAN

Àwa tí à ń gbé ní Kánò ni mo fi apá yìí bá sọ̀rọ̀ jù. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́ ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1835, nínú oṣù Ràmàdáánì, nǹkan bí 600 ẹrú àti òmìnira jáde sí ìgboro Salvador pẹ̀lú idà, wọ́n ní àwọn kò ṣe ẹrú mọ́. Wọ́n ń pe ogun náà ní ogun àwọn Malê. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ìmàle ni. Nàgó ló pọ̀ jù nínú wọn, Nàgó sì ni Pacífico Licutan tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún gẹ́gẹ́ bí àgbà. Ṣùgbọ́n Haúsá ni Dandará, tí òun náà jẹ́ olùkọ́ wọn, Tápà sì ni Luís Sanim.

Àṣírí wọn tú kí ilẹ̀ tó mọ́, ogun náà kò sì pẹ́. Nǹkan bí 70 nínú wọn ló kú. Wọ́n yìnbọn pa ènìyàn mẹ́rin ní oṣù karùn-ún, wọ́n na àwọn mìíràn ní pàṣán, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ kúrò ní ìlú. Àwọn ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ní èdè Lárúbáwá, tí ọlọ́pàá gbà lọ́wọ́ wọn, ṣì wà ní ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba Bahia.

Lẹ́yìn ogun yẹn ni ọ̀pọ̀ òmìnira wọ ọkọ̀ padà sí Àgọ́ọ̀yè, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Àwọn ni a mọ̀ sí Àgùdà. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, ọwọ́ Àgùdà kan tó ń jẹ́ João Baptista da Costa ló ti jáde. Onígbàgbọ́ Kátólíìkì kọ́ mọ́ṣáláṣí fún Mùsùlùmí, kò sì sí ẹni tó pariwo.

ÀKÀRÀ TÍ ÌJỌBA FI ÌWÉ DÁÀBÒ BÒ

Màmá mi dín àkàrà ní Sábọ́ngàrí fún ọdún mẹ́tàlélógún. Owó àkàrà ló rán mi níléèwé. Ẹ lè mọ bí ó ṣe rí lára mi nígbà tí mo rí obìnrin kan ní igun títì, tó wọ aṣọ funfun, tó wé gèlè funfun, tó gbé agbada epo pupa ka iná, tó sì ń fi ṣíbí da ẹ̀wà gígún sínú epo.

Acarajé ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wà bíbó, àlùbọ́sà àti iyọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, epo pupa ni wọ́n sì fi ń dín in. Ó tóbi tó ìkúùkù. Àwa ń lọ ata mọ́ ẹ̀wà. Àwọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àkàrà bá jinná, wọ́n á là á, wọ́n á fi vatapá tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà àti omi àgbọn sè sí i, wọ́n á fi ọbẹ̀ ilá àti edé gbígbẹ lé e, wọ́n á wá bi yín bóyá ẹ fẹ́ ẹ ní “gbígbóná”. Ata ni wọ́n ń pè ní gbígbóná, kì í ṣe iná. N kò mọ̀. Mo ní kó fún mi ní gbígbóná, ó sì rẹ́rìn-ín nígbà tí omi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀wà yìí kan náà, bí wọ́n bá pọ́n ọn sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sè é, abará ni, ìyẹn ọ̀lẹ̀. Ẹ̀kọ tútù inú ewé ni acaçá. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: ohun tí wọ́n ń pè ní amalá níbẹ̀, ọbẹ̀ ilá tí wọ́n ń sè fún Ṣàngó ni. Ọbẹ̀ gba orúkọ òkèlè lójú ọ̀nà.

Láyé ẹrú, àwọn obìnrin ń kiri àkàrà yìí ní ìgboro, àwọn kan sì fi èrè rẹ̀ ra ara wọn padà. Ní ọdún 2005, ìjọba àpapọ̀ Bràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà náà sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Àwọn Onígbàgbọ́ kan tí kò fẹ́ kí ọjà wọn bá òrìṣà tan máa ń pe tiwọn ní “àkàrà Jésù”, ìyẹn sì dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Èmi tí mo jẹ àkàrà láti kékeré nínú ilé Onígbàgbọ́, mo kàn ra méjì sí i ni.

ILÉ ÒRÌṢÀ ÀTI OMI DIQUE

N kò pe ẹnikẹ́ni sí ẹ̀sìn kankan nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ròyìn Salvador tí kò mẹ́nu ba ilé òrìṣà kò tíì ròyìn rẹ̀. Candomblé ni wọ́n ń pe ẹ̀sìn náà. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló dá a sílẹ̀. Àwọn ará Dahomey àti àwọn ará Kóńgò òun Àǹgólà ní ìran tiwọn nínú rẹ̀. Nínú àwọn ilé Nàgó, Casa Branca, tó ń jẹ́ Ilé Àṣẹ Ìyá Nàsó Ọ̀kà, ni ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí ìjọba gbà sínú àwọn ohun ìní orílẹ̀-èdè ní ọdún 1984. Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, tí Ìyá Aninha dá sílẹ̀ ní ọdún 1910, ní iléèwé fún àwọn ọmọ àdúgbò nínú ọgbà rẹ̀.

Inú àwọn ilé wọ̀nyí ni ìpè òru ọmọ mi ti wá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé òrìṣà ni iaô, ìyàwó. Ẹni tó ti pé ọdún méje ni ebômi, ẹ̀gbọ́n mi. Equede ni èkejì, ogã ni ọ̀gá. Wọ́n kò bí wọn sí ilé kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi orúkọ mọ̀lẹ́bí so ara wọn pọ̀, nítorí òwò ẹrú ti tú mọ̀lẹ́bí wọn ká. Ọlọ́pàá ń já wọlé wọn nígbà kan, ó ń kó ìlù wọn. Títí di oṣù kìíní ọdún 1976 ni wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó ṣe ọdún wọn.

Lónìí, ère òrìṣà ńláńlá tí Tati Moreno ṣe ló dúró lórí adágún omi tí wọ́n ń pè ní Dique do Tororó, láti ọdún 1998. Pápá ìṣeré Fonte Nova wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni Uruguay ti fi 2 sí 1 na Super Eagles ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 2013.

ỌJỌ́ ỌDÚN WỌN

Mo bá ọdún méjì pàdé. Èkíní ni fífọ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim, ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kìíní. Èrò ń rìn nǹkan bí kìlómítà mẹ́jọ láti Ìlú Ìsàlẹ̀, aṣọ funfun ni gbogbo wọn wọ̀. Àwọn obìnrin gbé ìkòkò omi àti òdòdó lórí, wọ́n sì fi fọ àtẹ̀gùn náà. Olúwa Bonfim ni àwọn kan ń bọ̀wọ̀ fún. Òrìṣàálá, aláṣọ funfun, ni àwọn mìíràn ń rò lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ kò sì pín in sí méjì. Ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń so rìbọ́nù aláwọ̀ mèremère mọ́ ọwọ́, kókó mẹ́ta fún ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta.

Èkejì ni ọdún Yemọja, ọjọ́ 2 oṣù kejì, ní àdúgbò Rio Vermelho. Àwọn apẹja ló ń darí rẹ̀. Láti òwúrọ̀ kùtù ni èrò ti tò, wọ́n ń kó òdòdó àti lọ́fíńdà sínú agbọ̀n, títí ọkọ̀ yóò fi gbé e lọ sójú òkun.

Ní ti ìlù, ẹ wá Ilê Aiyê, ìyẹn Ilé Ayé, tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò Liberdade dá sílẹ̀ ní ọdún 1974 nítorí pé ibi tí adúláwọ̀ yóò jókòó sí nínú Kanifá kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹ wá Olodum náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Pelourinho ní ọdún 1979. Orúkọ Olódùmarè ló gé kúrú bẹ́ẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸNI TÓ BÁ FẸ́ LỌ

1. Ẹ kọ́ Pọtogí díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kì í jìnnà lọ níbẹ̀.
2. Ẹ wọ bàtà tó rọlẹ̀, nítorí òkúta Pelourinho kò mọ àgbà.
3. Oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni ọdún pọ̀ jù. Oṣù kẹrin sí oṣù keje ni òjò ń pọ̀.
4. Ẹ má ya fọ́tò nílé òrìṣà láìgba àṣẹ. Aṣọ funfun ló yẹ ní wíwọ̀.
5. Ẹ má nìkan rìn lóru, ẹ má sì kó góòlù sára.

OHUN TÍ MO GBÉ BỌ̀ WÁLÉ

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìpadàbọ̀ mi, mo jókòó ti alákàrà igun títì náà. Mo fi Yorùbá kí i, kò gbọ́. Ó mọ àkàrà, ó mọ àṣẹ, ó mọ ìyá, ó mọ omi. Ó kọ orin kan fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo gbọ́ ju ìdajì rẹ̀ lọ, òun tó kọ ọ́ kò sì lè sọ ìtumọ̀ rẹ̀ tán. Ó ní kí n sọ ọ́ fún òun. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ mi ń túmọ̀ rẹ̀ sí Pọtogí, obìnrin náà sì gbé ṣíbí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò. Dókítà Nina Rodrigues, tó kú ní ọdún 1906, kọ ọ́ pé nígbà ayé òun, èdè Nàgó ni ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ní Salvador fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí èdè náà fi kúrò ní ẹnu ọjà, tó kù sínú orin. Àkàrà kò lọ, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dín in. Ìlù kò lọ, nítorí wọn kò yé lù ú. Èdè ló lọ, nítorí kò sí ọ̀nà tí wọ́n fi lè máa fi í tọ́ ọmọ nínú ilé. Ìyà ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni E. L. Lasebikan ti Nàìjíríà ti ń kọ́ wọn ní Yorùbá ní yunifásítì ibẹ̀, wọ́n ti ń sapá láti gbà á padà.

Àwa ńkọ́? Kò sí ẹni tó so wa mọ́ òpó ní Kánò. Àwọn Haúsá tí a bá gbé kò ní kí a má sọ èdè wa fún ọmọ wa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n mo wà nílé, orí ọmọ mi wọ́. Bràsíìlì ló ti lọ kọ́ pé ẹ̀gbọ́n ni a ń pe ẹni tó jù wá lọ.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ wa: kí a fún àwọn ọmọ ní ìdajì wákàtí ní ìpàdé oṣooṣù, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, kí a má sì fi àṣìṣe wọn rẹ́rìn-ín. Kí ilé kọ̀ọ̀kan yan oúnjẹ kan lójúmọ́ tí wọn yóò máa fi Yorùbá jẹ. Ní ilé mi, oúnjẹ alẹ́ ni a yàn. Ọmọ mi ń pè láti òkèèrè ní àkókò náà, kò sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn mọ́.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a fi èdè wa jíṣẹ́ fún àwọn ọmọ wa.